Kànga Mítà 116 Tí Kò Kan Omi: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ Ní Àkúrẹ́ Nípa Omi Ilẹ̀ Dídì

Àwọn tí ò ráyè dé gbọ̀ngàn ní Alágbàká lọ́jọ́ náà ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí síta, ẹ kú ojú lọ́nà o. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́, ibi tí mo ti yà bàrá, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín, omi lẹ fi ń jẹun. Ẹ̀yin kan ń gbẹ́ kànga, àwọn kan ń gbẹ́ borehole, àwọn kan ń ta pure water, àwọn ọmọ iléèwé tó ń ka kẹ́mísìrì ní FUTA náà sì jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo rí yín. Torí ẹ̀, orí kànga ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìlú kan wà ní Siberia lọ́hùn-ún, ní Rọ́ṣíà, Yakutsk lorúkọ ẹ̀. Ní 1828, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Fyodor Shergin ní òun máa gbẹ́ kànga sínú ọgbà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ o, kò sí ẹ̀rọ. Wọ́n gbẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, wọn ò kan omi, yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń kó jáde dì gbagidi, yìnyín wà nínú ẹ̀. Àwa níbí, tá a bá gbẹ́ ẹ dé mítà 15 tá a wá bá òkúta pàdé, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn láàárín onílé àti agbẹ́kànga, ta ló máa san owó dáínámáìtì. Shergin ò jà ní tiẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹ lọ ni. 1837 ló tó fi í sílẹ̀, kànga yẹn ti wọlẹ̀ mítà 116, omi ò sí, ilẹ̀ ṣì dì. Nígbà tó yá, ní bíi 1844, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Alexander von Middendorff wá wọn bí ilẹ̀ inú kànga yẹn ṣe tutù tó láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ pátá ló wà nísàlẹ̀ òdo. Ibẹ̀ làwọn onísáyẹ́ǹsì ti wá gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ilẹ̀ dídì tó wà lábẹ́ ìlú yẹn lé ní mítà 200, àwọn apá ibì kan ṣì wà ní Siberia tó jìn tó bíi mítà 1,500. Ká ní Shergin ò dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ ni ì bá máa gbẹ́ ẹ.

Ilẹ̀ tó bá wà ní dígírì òdo tàbí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọdún méjì léra láì yọ́, òun ni wọ́n ń pè ní permafrost, èmi á máa pè é ní ilẹ̀ dídì ní tèmi. Ó wà ní Siberia, ó wà ní Alaska, ó wà ní Kánádà, ó wà lórí òkè Tibet. Tá a bá pín gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìdajì ayé lápá àríwá sí ọgọ́rùn-ún, bíi 15 nínú ẹ̀ ló dì báyẹn.

Ohun tó gbé mi wá ò ju ẹyọ kan lọ. Gbogbo wa la rò pé òtútù ń pa omi mọ́, pé omi tó bá ti dì ti sùn, kò lè ṣe nǹkan kan mọ́ àfi tó bá yọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Omi tó ń dì lọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ gan-an, ó ń ṣa ara ẹ̀ ni, ó ń lé iyọ̀ jáde, ohun tó bá sì lé jáde ní láti ríbi gbà.

Mo gbé zobo wá kí n fi hàn yín, inú nylon ló wà, ó ti sùn nínú fíríìsà mọ́jú. Ọmọdébìnrin kan tó tẹ̀ lé ìyá ẹ̀ wá ni mo gbé e fún pé kó máa fà á mu. Ó já etí nylon náà, ó fà á, ẹnu ẹ̀ pọ́n, ó rẹ́rìn-ín. Ó tún fà á, ó tún fà á. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, nǹkan tó kù nínú nylon ti funfun, áìsì lásán, mo bi í pé ṣé ó ṣì ń dùn, ó ní rárá o, omi ni. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín torí kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n, àtikékeré la ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti bi ara ẹ̀ pé kí ló dé? Ìdí ni pé tí omi bá ń dì, àwọn ègé ẹ̀ kéékèèké máa ń tò dì mọ́ra ní ẹsẹẹsẹ, ìtò yẹn há débi pé kò sáyè fún ṣúgà, kò sáyè fún àwọ̀, kò sáyè fún iyọ̀. Ó ń tì wọ́n síta. Wọ́n á wá kóra jọ sínú ìwọ̀nba tí ò tíì dì, ibẹ̀ á wá dùn, á wá ki, bó bá sì ṣe ń ki sí i ló ṣe ń ṣòro fún un láti dì. Òun ló fi jẹ́ pé dídùn ẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọmọ yẹn.

Ẹ wá lọ fi èyí sí ilẹ̀ tó fẹ̀ ju gbogbo Nàìjíríà lọ lọ́pọ̀ ìgbà, tó ti ń dì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

Omi òkun, èyí tó wà lẹ́yìnkùlé àwọn èèyàn wa ní Ayétòrò, iyọ̀ inú ẹ̀ tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, kì í dì àfi tó bá tutù dé bíi dígírì 1.9 nísàlẹ̀ òdo. Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í dì, oríṣiríṣi iyọ̀ tó wà nínú ẹ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà, oníkálukú ló ní àkókò tiẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ ń já sílẹ̀ ni kálísíọ̀mù kábónéètì, nǹkan tó wà nínú karawun ìgbín. Lẹ́yìn ẹ̀ lèyí tó jẹ́ ti sódíọ̀mù àti imí ọjọ́ á jáde. Iyọ̀ ọbẹ̀ wa yìí, ó ń fara dà á títí dé bíi dígírì 23 nísàlẹ̀ òdo kó tó já. Èyí tó lágídí jù ni kálísíọ̀mù kulọráìdì, ìyẹn á ṣì máa ṣàn nígbà tí gbogbo àwọn tó kù ti di òkúta. Adágún kan wà ní Antarctica tí wọ́n ń pè ní Don Juan Pond, kò jìn, kò tó orúnkún, kálísíọ̀mù kulọráìdì ló kún inú ẹ̀, iyọ̀ inú ẹ̀ lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ adágún yẹn kì í dì, ó tó bíi dígírì 50 nísàlẹ̀ òdo kó tó lè dì.

Torí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí omi nínú ilẹ̀ dídì, ẹ ní ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Omi wà lókè ẹ̀, omi wà láàárín ẹ̀, omi wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìwà wọn ló yàtọ̀ síra.

Ti òkè, ìwọ̀nba ilẹ̀ tó ń yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni, nígbà míì ilẹ̀ tó yọ́ ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, nígbà míì ó máa ń tó mítà méjì mẹ́ta. Omi ò lè wọlẹ̀ kọjá ibẹ̀ torí pákó yìnyín wà nísàlẹ̀, ó kàn ń rìn gba inú ewé jíjẹrà kọjá lọ sódò ni. Omi yẹn fẹ́lẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀ ò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó máa ń pọ́n, ó sì máa ń kan díẹ̀, ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi láti Igbókòdá gba inú irà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ti rí irú àwọ̀ omi bẹ́ẹ̀ rí. Ti àárín, ibi tí odò ńlá tàbí adágún jíjìn bá wà ló máa ń wà, torí omi tí ò bá dì dé ìsàlẹ̀ nígbà òtútù ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ dì, ihò á wá wà níbẹ̀ tí omi ń gbà lọ gbà bọ̀.

Ti ìsàlẹ̀ lẹ̀rù ń bà mí sí jù. Ní ìwọ̀ oòrùn Yakutia, ìyẹn agbègbè tí Yakutsk wà, níbi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ǹdì, omi tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ dídì yẹn kì í ṣe omi mọ́, ọbẹ̀ iyọ̀ ni, gíráàmù iyọ̀ inú lítà kan lè kọjá 300, ó sì tutù ju òdo lọ síbẹ̀ ó ń ṣàn. Iyọ̀ àtọdúnmọ́dún tó wà nínú àwọn òkúta ibẹ̀ ló dá èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀, dídì tó ń ti iyọ̀ wá sísàlẹ̀ wá fi kún un. Irú omi oníyọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ya wọ inú ibi ìwakùsà Mir ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2017, òṣìṣẹ́ mẹ́jọ ni ò jáde mọ́. Omi iyọ̀ tí wọ́n bá sì fà jáde níbi ìwakùsà báyẹn, wọn ò gbọ́dọ̀ dà á sódò, ẹja á kú tán, ibi tí wọ́n ń dà á sí láwọn ibì kan ni inú ilẹ̀ dídì náà, wọ́n á gbẹ́ ihò sí i, wọ́n á tì í wọlé. Èmi ò fọkàn tán ọgbọ́n yẹn o, torí iyọ̀ ń jẹ yìnyín, gbogbo wa la mọ̀.

Ibí yìí ni bàbá kan nawọ́, agbẹ́kànga ni wọ́n, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ mi, kí ló dé tí Shergin yẹn ò dáná sínú kànga ẹ̀ kí yìnyín yọ́, kó fi rí omi bù?" Mo ní bàbá, ẹ ṣeun gan-an sà, ìbéèrè yín lọ́gbọ́n nínú, torí àwọn tó ń wa wúrà ní Klondike, ní Kánádà, lápá ìparí àwọn ọdún 1890, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe é. Wọ́n á da igi sínú ihò, wọ́n á finá sí i mọ́jú, tó bá di àárọ̀ wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ tó ti rọ̀ jáde, wọ́n á tún dáná. Ṣùgbọ́n wúrà ni wọ́n ń wá, wọn ò wá omi. Omi kànga ní orísun, tẹ́ ẹ bá fà á, òmíràn á sun wá. Èyí tí iná bá yọ́ lára ògiri, òun nìkan ni, tẹ́ ẹ bá bù ú tán ó tán, tẹ́ ẹ bá sì fi í sílẹ̀ di ọ̀la, ó ti padà dì. Bàbá mi orí, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ̀n, kò ní ojú." Mo ní ẹ ti sọ ọ́ sà, kò ní ojú.

Báwo wá làwọn ará ibẹ̀ ṣe ń rí omi mu? Àwọn adágún tó wà ní àárín gbùngbùn Yakutia, púpọ̀ nínú ẹ̀ ló níyọ̀, torí òjò ò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀, ohun tó ń rọ̀ ní Yakutsk lọ́dún kan ò ju bíi mìlímítà 240 lọ, òjò tó ń rọ̀ fún wa lọ́dún jù ú lọ lọ́nà márùn-ún, oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn wọn sì ń fa omi adágún gbẹ. Àwọn ará abúlé ò kọ́ kẹ́mísìrì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé yìnyín dáa ju omi tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Tí òtútù bá ti wọlé, wọ́n á jáde pẹ̀lú ayùn, wọ́n á gé yìnyín orí adágún tàbí odò ní búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù, ó mọ́ gaara, wọ́n á tò ó síta gbangba lẹ́bàá ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi á gbé búlọ́ọ̀kù kan wọlé sínú àgbá kó máa yọ́. Èyí tí wọ́n fẹ́ lò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á kó o sínú àjà ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ dídì. Kò sí NEPA, kò sí fíríìsà, áìsì wà.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tún mọ nǹkan kan nípa àfonífojì odò wọn nígbà òtútù. Tí ilẹ̀ òkè bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì padà, omi tó wà láàárín á há, yìnyín ń bọ̀ látòkè, ilẹ̀ dídì wà nísàlẹ̀, kò ríbi sá sí, á wá fipá ya jáde, ní òtútù dígírì 40 nísàlẹ̀ òdo o, omi á máa ṣàn lórí yìnyín, á máa dì lórí ara wọn títí tó fi máa ga ju ènìyàn lọ. Nígbà tó bá wá yọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹ̀fun funfun máa ń kù sórí òkúta, èèyàn á rò pé ẹnì kan da gàrí sílẹ̀. Kálísíọ̀mù kábónéètì ni, òun tá a ní ó máa ń kọ́kọ́ já. Omi tó bá yọ́ lọ sódò ti padánù kálísíọ̀mù ẹ̀ sórí òkúta yẹn, ẹni tó bá wọn omi odò yẹn nísàlẹ̀ láì mọ ìtàn ẹ̀, á rò pé kò sí òkúta ẹfun lójú ọ̀nà omi náà rárá.

Ọ̀rọ̀ odò wá kàn. Odò ńláńlá tó ń ṣàn gba ilẹ̀ dídì kọjá lọ sí òkun Arctic, Ob, Yenisei, Lena, Mackenzie, omi inú wọn pọ̀ débi pé òkun Arctic, tí kò ju bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo omi òkun ayé lọ, ń gba bíi ìdá 10 nínú omi gbogbo odò ayé. Nígbà òtútù, omi abẹ́ ilẹ̀ nìkan ló ń bọ́ wọn, torí ẹ̀ iyọ̀ inú wọn máa ń pọ̀. Tó bá di oṣù karùn-ún sí ìkẹfà, gbogbo yìnyín á yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, odò á kún, omi á pọ́n, oje ewé ọdún kan á ṣàn lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Odò Ob yẹn nìtàn kan tó ń ṣe mí ní kàyéfì. Omi tútù máa ń gba ọ́síjìn mọ́ra ju omi gbígbóná lọ, ní dígírì òdo ó lè gba mìlígíráàmù 14.6 nínú lítà kan, ní 30 kò ju bíi 7.6 lọ. Èèyàn á ní ẹja Ob á máa gbádùn nígbà òtútù. Rárá o. Yìnyín ti bo odò, afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, omi tó ń bọ̀ láti inú àbàtà ńlá Ìwọ̀ Oòrùn Siberia sì kún fún irin àti oje ewé, méjèèjì ń jẹ ọ́síjìn. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán. Ẹja á wá máa sá, èyí tó bá rí ibi tí omi orísun ti ń sun á há síbẹ̀, èyí tí ò bá rí, ó kú. Ọdọọdún ló ń ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ kankan tó da májèlé sódò.

Irin yẹn náà ló wá gbé mi dé Alaska. Ní òkè Brooks Range, àwọn odò tó mọ́ gaara tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n bí ọsàn tó pọ́n. Ìwádìí tó jáde ní 2024 ka 75, ibi tí kò sí ìlú, tí kò sí ìwakùsà. Láwọn ibì kan omi náà kan débi pé pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, já sí 2.3, ọsàn wẹ́wẹ́ gan-an nìyẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé òkúta kan wà nínú ilẹ̀ yẹn, páíráìtì, irin àti imí ọjọ́ ló para pọ̀ dá a. Nígbà tí ilẹ̀ dì, omi ò dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ ò dé ibẹ̀. Nígbà tó yọ́, méjèèjì dé. Páíráìtì wá di ásíìdì, irú èyí tí wọ́n ń bù sínú bátìrì mọ́tò, ásíìdì yẹn ń yọ síńkì àti níkẹ́ẹ̀lì àti kádímíọ̀mù jáde nínú òkúta, irin á bá omi lọ, tó bá ti pàdé afẹ́fẹ́ dáadáa á dípatà, á bo ìsàlẹ̀ odò níbi tí ẹja ń yé ẹyin sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní borehole ní Àkúrẹ́ mọ irin yìí o, ẹ má wò mí. Omi á jáde, á mọ́ bíi dígí, ẹ á pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, tílẹ̀ bá mọ́ ó ti pọ́n, aṣọ funfun ti bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó ṣe yín. Irin inú omi tí ò rí afẹ́fẹ́ kì í ní àwọ̀, ìgbà tó bá rí afẹ́fẹ́ ló ń di ìpatà. Ìyàtọ̀ tiwa àti tiwọn ni pé òjò àti ooru ti jẹ òkúta wa wọlẹ̀ jìnnà, ó ti di ilẹ̀ pupa, òjò sì ti fọ èyí tó pọ̀ nínú iyọ̀ ẹ̀ lọ tipẹ́tipẹ́, ló jẹ́ kí omi kànga wa sábà máa ń fẹ́lẹ́. Tiwọn, yìnyín ló ń fọ́ òkúta ibẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kò jẹrà, gbogbo ohun tí omi lè yọ ṣì wà lára ẹ̀, òtútù ló ti ilẹ̀kùn. Ìyẹn ni pé tí ilẹ̀ wọn bá ń yọ́, kì í ṣe omi nìkan ló ń jáde. Káábọ́nì tó wà nínú ilẹ̀ dídì tó bíi ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú afẹ́fẹ́ ayé báyìí, mákúrì náà wà níbẹ̀, ó pọ̀.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn, ọmọ FUTA kan ló bi mí, ó ní sà, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé omi ibẹ̀ dé láàbù láì bàjẹ́. Mo ní o ṣeun, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í ṣe, títí kan níbí. Omi tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ̀ wò, ẹ má fi sínú fíríìsà kó dì, kálísíọ̀mù á já sílẹ̀, tó bá yọ́ kì í sábà padà wọ inú omi tán. pH, ojú ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ mọ irin inú ẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ níbẹ̀, ẹ kán ásíìdì náítíríìkì díẹ̀ sí i kẹ́ ẹ tó dé e pa, tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ irin á ti lẹ̀ mọ́ ara ìgò kó tó dé láàbù, wọ́n á kọ ọ́ síwèé fún yín pé kò sí irin, ẹ á lọ fi owó ra ẹ̀rọ fún nǹkan míì.